Àtẹ́wọ́ Méjì ní Ilé Tísà

Oṣù mẹ́ta péré lẹ́yìn tí mo gba fíríìdọ́ọ̀mù iṣẹ́ títún ẹ̀rọ ṣe ni Tísà gbé áńpù gìtá rẹ̀, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn gìtá sókè, wá sí ṣọ́ọ̀bù onípáànù mi ní Bọ́ládé. Ará Èkìtì ni, Òkòta ló ń gbé, òun ló sì ń ta gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn.

"Rìfáàbù ẹ̀ ti kú," ló wí.

Rìfáàbù ló ń fa ohùn gìtá gùn, bí ẹni ń kọrin nínú gbọ̀ngàn ńlá. Àpótí pẹlẹbẹ kan tó ní sípíríǹgì nínú ló ń ṣe é. Mo pààrọ̀ sípíríǹgì, mo ta gìtá sí i, ó dún rere. Tísà rẹ́rìn-ín, ó gbé e lọ.

Lọ́jọ́ kejì ó dá a padà. Ó ní nílé, ńṣe ló ń dún bí ẹni tí wọ́n fi ìrọ̀rí bò lẹ́nu. Mo tún un ṣe, ó tún gbé e dé. Lẹ́ẹ̀kẹta, kò tilẹ̀ jókòó.

"Àbúrò, bí eléyìí ò bá dáa, ọ̀dọ̀ ọ̀gá tó kọ́ ẹ níṣẹ́ ni mò ń gbé e lọ."

Ẹ̀rù bà mí. Bí oníbàárà bá gbé iṣẹ́ ẹni padà sọ́dọ̀ ọ̀gá ẹni, fíríìdọ́ọ̀mù ọ̀hún di ìwé lásán. Mo gbé ìtìjú tà, mo gbé áńpù náà dání, mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún ọ̀gá mi ní Ìsọlọ̀.

"O ti délé oníbàárà náà?" ló bi mí.

"Rárá, sà."

Ó pòṣé. "Gbé e, ká lọ."

Owó epo ti ń dé ọwọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba nígbà yẹn. Ìyá Ṣadé, ìyàwó Tísà, ti tẹ́ rọ́ọ̀gì kan ògiri, kọ́tìnnì rẹ̀ nípọn, àga onítìmùtìmù sì kún pálọ̀. Bí a ti débẹ̀, ọ̀gá mi dúró láàárín wọn, ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ìró náà kú síbẹ̀. Ó bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ onísìmẹ́ńtì, ó tún pàtẹ́wọ́. Ó dún dé kíṣìnnì. Ìgbà náà ló yé mi: páànù ṣọ́ọ̀bù mi ló ti ń bá mi ta gìtá láti ọjọ́ yìí.

"Tísà, iṣẹ́ ọmọ yìí dáa," ni ọ̀gá mi wí. "Rọ́ọ̀gì yín ló ń gbé ohùn mì."

Ìyá Ṣadé dìde fùú. "Ẹ má fọwọ́ kan rọ́ọ̀gì mi o!"

A ò fọwọ́ kàn án. A gbé áńpù sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, Tísà jókòó lórí àpótí ìdáná, ó ta orin ìyìn kan. Ohùn náà ń lọ, kò fẹ́ tán. Ìyá Ṣadé fúnra rẹ̀ gbè é. Omi lé sí mi lójú.

Ọ̀gá mi ò sọ̀rọ̀ títí a fi dé títì.

"Iṣẹ́ ẹ ò dáa," ló wá wí. "Ẹni tó tún ẹ̀rọ ṣe láì mọ ilé tó ń lọ, ìdajì ló ṣe. Mi ò kàn lè sọ ọ́ lójú oníbàárà ẹ ni."

Mo ti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ báyìí. Gbogbo ọmọ tí mo kọ́ ló mọ̀ pé kí wọ́n kọ́kọ́ lọ pàtẹ́wọ́ nílé oníbàárà. Nígbà tí mò ń kọ́ wọn, bí wọ́n bá ṣe àṣìṣe, mo máa ń dúró kí a dé títì kí n tó sọ ọ́.