Ọdún Tí Fẹ̀sọ̀jayé Kọ́ Ìjókòó

Ní àárọ̀ àná, ajá àwọn aládùúgbò mi bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìrù lu ilẹ̀kùn páànù wọn, gbàù, gbàù, gbàù, bí ẹni ń lu àgbá. Ọmọbìnrin kan ń bá a wí nínú ọgbà pé, "Sọ̀kalẹ̀ lára mi. Ṣé o ò gbọ́ ni?" Bí ọmọ náà ṣe ń gbé ohùn sókè ni ìrù ń yára sí i. Mo gbé ife kàfé mi kalẹ̀, ẹ̀rín sì pa mí. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ó ti pẹ́ gan-an tí mo ti gbọ́ irú ariwo yẹn gbẹ̀yìn, àmọ́ ara mi mọ̀ ọ́n kí n tó ráyè ronú.

Agboolé wa ní Ṣábẹ̀ẹ́ wà lábẹ́ àwọn òkè olókùúta ńláńlá wọ̀nyẹn, ní ìhà ibi tí rélùwéè ń gbà kọjá. Lásìkò ọyẹ́, kùrukùru a máa bo àwọn òkè náà tó bẹ́ẹ̀ tí àwa ọmọdé fi ń rò pé wọ́n ti kó wọn lọ sí Kútọnù. Ìgbà ìjọba ológun ni, ìgbà tí ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ń ṣàkóso, tí rédíò kì í pe ẹnikẹ́ni ní ọ̀gá mọ́; kàmáráàdì ni tọmọdé tàgbà. Àwa ọmọ ilé ìwé a kọrin ìjọba láàárọ̀, a ó sì gbé ọkọ́ lọ sí oko ilé ìwé láti ro àgbàdo. Ká má purọ́, oko náà dùn mọ́ wa ju ìṣirò lọ.

Nígbà náà ni bàbá mi, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní ibùdó rélùwéè, mú ajá kan wálé. Òyìnbó kan tó wá bá wọn kọ́ ilé iṣẹ́ ṣúgà ló ni ín. Nígbà tó ń padà sí ìlú rẹ̀, kò rí ajá náà gbé lọ. Ẹ̀yìn rẹ̀ dé ìbàdí mi, ó pupa bí erùpẹ̀ ọ̀nà Okpara, etí rẹ̀ sì fẹ̀ bí ewé kókò. Àwọn ajá tí a mọ̀ tẹ́lẹ̀ mọ ipò ara wọn: abẹ́ àká ni wọ́n ń sùn, ohun tó bá ṣẹ́kù ni wọ́n ń jẹ, wọn kì í sì bá ènìyàn ṣe àwàdà. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti ń fọwọ́ pa èyí lórí láti àárọ̀ dalẹ́ ló ti wá, kò sì rí ìdí tí ìgbádùn náà fi gbọdọ̀ dópin. Bàbá sọ ọ́ ní Fẹ̀sọ̀jayé. Mo rò pé àdúrà ni wọ́n fi orúkọ náà gbà, nítorí kò sí nǹkan kan tí ajá yẹn ń fẹ̀sọ̀ ṣe.

Bí o bá wọlé, á sáré pàdé rẹ, á gbé ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì lé ọ léjìká, á sì fi ahọ́n nu ojú rẹ bí ẹni ń nu àwo ọbẹ̀. Bí ẹni méjì bá jókòó tí wọ́n ń sọ̀rọ̀, á ti orí bọ àárín wọn. Bí wọn ò bá dá a lóhùn, á gbé bàtà ẹnì kan sá lọ. Lọ́jọ́ kan, délégé tí ìjọba fi ṣe olórí àdúgbò wa dúró láàárín agboolé, ó ń ṣàlàyé iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe fún àwọn àgbà. Ọ̀rọ̀ náà gùn. Fẹ̀sọ̀jayé wò títí, ó rí i pé gbogbo ojú ló wà lára ọkùnrin náà, kò sí ẹyọ kan lára òun. Ló bá dìde, ó gbé ẹsẹ̀ ẹlẹ́rẹ̀ méjì lé délégé láyà, lórí aṣọ funfun. Délégé wo aṣọ, ó wo ajá, ó ní, "Ajá yìí ò tíì gbọ́ pé ayé ti yí padà." Kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá ká rẹ́rìn-ín.

Ọ̀rọ̀ náà ìbá parí sí ẹ̀rín, bí kì í bá ṣe ti Ìyá àgbà. Ìyá bàbá mi ni wọ́n, oko ní Boni ni wọ́n ń gbé. Wọ́n ṣubú nígbà òjò, ìbàdí wọn yẹ̀, ọ̀pá ni wọ́n fi ń rìn látìgbà náà. Bàbá pinnu pé bí ìkórè iṣu bá ti parí, àwọn á mú wọn wá sọ́dọ̀ wa. Ní ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n sọ ọ́ fún wa, wọ́n wo Fẹ̀sọ̀jayé tó ń jẹ okùn bàtà wọn, wọ́n ní, "Ìyá mi ò ní ṣubú lẹ́ẹ̀kejì nínú ilé mi. Kí wọ́n tó dé, kí ajá yìí kọ́ ìwà, tàbí kó máa lọ sọ́dọ̀ ọdẹ kan tí mo mọ̀ ní Bessé."

Mo ti gbọ́ nípa ọdẹ náà rí. Àwọn ajá rẹ̀ kì í pẹ́ láyé. Ìmàdò ló ń pa wọ́n.

Oníkálukú dá tirẹ̀ wò. Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá mi, gbé ọrẹ́ dání. Fẹ̀sọ̀jayé já a gbà, ó sì gbé e sáré yí agboolé ká. Nígbà tí wọ́n nà án débi tó ta á lára, ṣe ló tún ń fò mọ́ Bàbá Kékeré láti fi bẹ̀ wọ́n. Ìyá mi so ó mọ́ ìdí máńgòrò. Ó gbó títí àwọn aládùúgbò fi wá béèrè ẹni tó kú.

Ibà ló wá mú mi. Mo dùbúlẹ̀ lórí ẹní, ajá wọlé, ó fò lé mi. Mi ò lágbára láti tì í, mi ò lè kígbe. Mo kọjú sí ògiri. Ó fi imú tì mí, ó sunkún díẹ̀, ó dúró. Nígbà tí kò rí èsì, ó mí kanlẹ̀ bí arúgbó, ó sì dùbúlẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo na ọwọ́ lé e lórí. Bó bá tún fò, mo tún kọjú sí ògiri. Bó bá farabalẹ̀, ọwọ́ mi á padà. Kí ibà náà tó lọ, ó ti ń dùbúlẹ̀ fúnra rẹ̀.

Mo lọ bá Bàbá níbi tí wọ́n ti ń run orín.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ó jọ pé àwa gan-an là ń kọ́ ọ láti máa fò."

"Báwo?"

"Tó bá fò, gbogbo wa á kígbe, a á dì í mú. Ohun tó ń wá nìyẹn. Tó bá jókòó jẹ́jẹ́, kò sẹ́ni tó ń wò ó."

Wọ́n yọ orín lẹ́nu. "Kí wá ni ká ṣe?"

"Tó bá fò, ká kẹ̀yìn sí i, ká má sọ̀rọ̀. Tó bá jókòó, ká kí i."

"Ká máa kí ajá." Bàbá rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n wọ́n gbà.

Ajá rọrùn láti kọ́ ju ènìyàn lọ. Kọ́lá àbúrò mi ń rẹ́rìn-ín, ajá ń fò mọ́ ẹ̀rín rẹ̀. Ìyá mi ń gbàgbé. Bàbá Kékeré ní àwọn ò lè kí ajá nínú agboolé bàbá àwọn, àmọ́ ìyá mi bá wọn lẹ́yìn ilé ìdáná níbi tí wọ́n ti ń fún un ní iṣu sísun, tí wọ́n ń sọ lábẹ́lẹ̀ pé, "O kú ìjókòó o, Fẹ̀sọ̀." Nígbà tí ajá rí i pé ojú wa ti kúrò lára òun, ó kọ́kọ́ burú sí i. Ó fò ga ju ti tẹ́lẹ̀, ó gbé ọmọrí ìkòkò sá lọ. Ìyá mi ní ó ti sú àwọn. Ẹ̀rù bà mí, nítorí iṣu ti ń tán lóko.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ń bọ̀ láti ilé ìwé, mo rí i tó ń sáré bọ̀ tagbáratagbára. Mo kẹ̀yìn sí i. Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Nígbà tí mo yíjú, ó ti jókòó sínú erùpẹ̀, ìrù rẹ̀ ń gbálẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo kí i bí ẹni kí ọba, omi sì bọ́ lójú mi.

Látọjọ́ náà ni a ti ń so gèlè ìyá mi mọ́ Kọ́lá lórí, tó ń tẹ ọ̀pá wọlé bí arúgbó, tó ń jáde, tó tún ń wọlé, kí ajá lè fi kọ́ bó ṣe máa kí Ìyá àgbà.

Nígbà tó yá, mọ́tò akẹ́rù tó kó iṣu láti Boni dúró lẹ́nu ọ̀nà, Ìyá àgbà sì sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá wọn. Fẹ̀sọ̀jayé yọ lẹ́yìn àká, ó ki eré mọ́lẹ̀. Bàbá fẹ́ fò síwájú, ìyá mi di aṣọ wọn mú, wọ́n ní, "Ẹ fi í sílẹ̀." Ìyá àgbà dúró gbọnyin. Ajá sáré dé bí ẹsẹ̀ bàtà mélòó kan sí wọn, ó tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì jókòó. Ayọ̀ ń gbọ̀n ọ́n títí dé etí, ṣùgbọ́n kò dìde.

"Ta ni yìí?" ni Ìyá àgbà béèrè.

"Fẹ̀sọ̀jayé ni, Ìyá," ni Bàbá dáhùn.

"Ta ló kọ́ ọ ní àgbà kíkí?"

Bàbá gbé ọwọ́ lé mi lórí. "Ọmọ yín yìí ni."

Ìyá àgbà na ọwọ́, wọ́n fi pa á lórí. "Nínú gbogbo ẹni tó wá pàdé mi lónìí, òun nìkan ni kò sọ pé mo ti rù."

Kò sẹ́ni tó dárúkọ Bessé mọ́. Ajá náà kọ́ ìrìn Ìyá àgbà, ó ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn bí wọ́n bá ń lọ sẹ́yìnkùlé, ọwọ́ wọn lé e lẹ́yìn bí ọ̀pá kejì. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n jọ rìn bẹ́ẹ̀, wọn ò sì ṣubú mọ́.

Ìjọba yẹn ti lọ, orúkọ kàmáráàdì tó fún wa ti bá a lọ. Rélùwéè ò kó èrò mọ́. Búlọ́ọ̀kù la fi kọ́ ibi tí ògiri amọ̀ wà, ọ̀pọ̀ lára wa sì ti fọ́n ká. Èmi padà di olùkọ́ nílùú wa. Kíláàsì mi kún, àwọn ọmọ ń na ọwọ́, wọ́n ń ta ìka, "Màdáàmù, Màdáàmù." Ẹni tó jókòó jẹ́jẹ́ lẹ́yìn pátápátá, tí kò retí pé ẹnikẹ́ni rí òun, ni mo máa ń kọ́kọ́ pè. Kì í pẹ́ tí àwọn yòókù náà á fi jókòó. Mi ò gbé ọrẹ́ sókè sí ọmọ kankan títí mo fi fẹ̀yìn tì, gbogbo Ṣábẹ̀ẹ́ ló sì mọ̀ pé kíláàsì mi ni kì í pariwo.