Àwo Òfìfo Nínú Yàrá Bàbá Mi

Òórùn ògì kíkan ni mo kọ́kọ́ ń rántí, òun pẹ̀lú òórùn oògùn apakòkòrò tí wọ́n fi ń nu ilẹ̀. Méjèèjì ló pàdé nínú yàrá tó kọjú sí àgbàlá ilé wa ní Kinkinau nílẹ̀ Hausa, níbi tí Bàbá mi dùbúlẹ̀ sí lẹ́yìn tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lù wọ́n. Ọyẹ́ mú gan-an lọ́dún náà. Eruku bo ewé máńgòrò, ètè gbogbo wa là, kò sì sí ẹni tí kì í wúkọ́ ní àdúgbò. Ìyẹn wà lára ohun tó tàn wá jẹ.

Bàbá mi kì í dákẹ́ kí àìsàn yìí tó dé. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n, wọ́n sì ta ohun èlò kẹ̀kẹ́ lọ́jà títí Hausa fi wọ inú Yorùbá ẹnu wọn. Yorùbá ni wọ́n fi ń bá wa wí, Hausa ni wọ́n fi ń búra. Àìsàn náà gba apá ọ̀tún wọn lọ, ó gba ọ̀rọ̀ ẹnu wọn pẹ̀lú, ojú nìkan ló ṣẹ́ kù tí wọ́n fi ń bá wa sọ̀rọ̀. Nígbà tí ilé ìwòsàn dá wọn padà sílé, wọ́n fún wa ní àpò oògùn kan, wọ́n sì ṣàlàyé bí a ó ṣe máa lò ó. Kò sí ẹni tó ṣàlàyé bí a ó ṣe máa fún wọn lóúnjẹ. Ta ni yóò tún kọ́ ọmọ Yorùbá bí wọ́n ṣe ń fún èèyàn lóúnjẹ?

Olùkọ́ ni mí nígbà náà, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń ṣiṣẹ́ ìjọba, eékún ìyá wa kò sì jẹ́ kí wọ́n lè gbé ẹnikẹ́ni. Níbi ìpàdé ọmọ ìlú ni wọ́n ti júwe obìnrin kan fún wa tó ń tọ́jú aláìsàn láti ilé dé ilé. Aṣọ funfun ló máa ń wọ̀ bíi nọ́ọ̀sì, bẹ́ẹ̀ kò kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì rí. Ohun tí wọ́n fi ń yìn ín ni pé kò sí ọmọ tí kò lè rọ. Ẹ̀yin náà ṣáà mọ bí àwọn ìyá wa ṣe ń rọ ọmọ: wọ́n á tẹ́ ẹ sórí itan, wọ́n á fi àtẹ́lẹwọ́ ṣe abọ́ sí i lẹ́nu, wọ́n á da ẹ̀kọ sí i, bó bá ń ṣagídí wọ́n á dí i nímú, yóò sì gbé e mì tipátipá. Ọ̀pọ̀ wa ló ti ibẹ̀ kọjá. Àwọn tí kò là á kọjá kò sí níbí láti sọ tiwọn.

Mi ò ní parọ́ mọ́ obìnrin náà. Ó mọ́ tónítóní. Kò sí egbò kan lára Bàbá mi, ibùsùn wọn gbẹ, á sì ti fá irùngbọ̀n wọn kí oòrùn tó mú. Bí aládùúgbò wa tó jẹ́ Hausa bá nahùn lórí ògiri pé, "Ya mai jiki?" òun náà á dá a lóhùn tayọ̀tayọ̀ pé, "Da sauki!" pé ara aláìsàn ń yá. Bí ẹ̀gbọ́n mi bá ti ibi iṣẹ́ dé, ìbéèrè kan ṣoṣo ló ní: "Ṣé Bàbá jẹun?" Obìnrin náà á da àwo dojú dé, nǹkan kan kò ní kán sílẹ̀. Á ní, "Ẹ wò ó fúnra yín. Wọ́n jẹ ẹ́ tán, wallahi." Inú ẹ̀gbọ́n mi á dùn. Àwo òfìfo yẹn ni gbogbo ilé fi ń díwọ̀n iṣẹ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ti ilé ìwòsàn dé, bí Bàbá bá fẹ́ pè mí, ohùn gbígbẹ kan ló máa ń jáde. Nígbà tó yá, ohùn náà di tútù, ó ń hó lọ́nà ọ̀fun bí ìkòkò tí wọ́n fi ọmọrí dé. Ara wọn á gbóná ní ìrọ̀lẹ́, á sì rọlẹ̀ láàárọ̀. Bí wọ́n bá gbọ́ tí ṣíbí kan àwo, wọ́n á fún eyín pọ̀, wọ́n á yí ojú sí ògiri. Ẹ̀gbọ́n mi ní agídí ni, ìyá mi ní ọyẹ́ ni. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí mò ń lọ síbi iṣẹ́, Bàbá fi ọwọ́ òsì wọn di ọrùn ọwọ́ mi mú, wọn kò fẹ́ tú u sílẹ̀. Obìnrin náà ń rẹ́rìn-ín lẹ́nu ọ̀nà, abọ́ ẹ̀kọ ń rú èéfín lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kó máa lọ, Bàbá. Èmi náà kì í ṣe àlejò mọ́." Ó gbé abọ́ kalẹ̀, ó sì ń tú ìka wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Lọ́jọ́ tí àwa olùkọ́ bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì, mo padà sílé kí ọ̀sán tó pọ́n. Mo gbọ́ orin láti yàrá Bàbá, orin tí wọ́n fi ń rẹ ọmọ, mo sì gbọ́ ìró mìíràn lábẹ́ rẹ̀, bí omi tó ń wọ inú kèrègbè ọlọ́rùn tóóró. Mo ṣílẹ̀kùn. Ó tẹ́ Bàbá mi gbalaja, ó gbé orí wọn sórí itan rẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ ṣe abọ́ sí wọn lẹ́nu, àtàǹpàkò rẹ̀ sì dí ihò imú wọn. Ẹ̀kọ ń dà lọ. Bàbá mi la ojú sí òrùlé, omijé ń ṣàn wálẹ̀.

Mo pariwo pé, "Haba! Kí lẹ̀ ń ṣe fún wọn?"

Kò tilẹ̀ ta gìrì. Ó ní, "Kí ni mò ń ṣe? Ṣebí báyìí ni wọ́n ṣe rọ ìwọ náà."

Mo gbá abọ́ náà dànù. Ìyá mi wọlé, ọwọ́ lórí, obìnrin náà sì ni wọ́n ń bẹ̀. "Ẹ má bínú, ìwà ọmọdé ni." Ọmọdé! Èmi tí mo ti bímọ méjì. Inú bí mi, ó sì ń bí mi di òní.

Ní ilé ìwòsàn tí mo gbé Bàbá lọ lọ́jọ́ náà, dókítà gbé ohun èlò tí wọ́n fi ń gbọ́ ìró àyà sí ẹ̀yìn wọn, ó tẹ́tí títí. Ó ní ó pẹ́ tí ẹ̀kọ ti ń gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ, pé ẹni tí àrùn yìí bá kọ lù lè má lè gbé oúnjẹ mì dáadáa. Ó ní ṣe ni wọ́n ń gbé e jókòó, kí wọ́n bu díẹ̀ sí i lẹ́nu, kí wọ́n sì dúró dè é. Ó tún un sọ pé, "Ẹ dúró dè é." Bàbá mi kú kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí.

Níbi àdúà ọjọ́ kẹjọ, obìnrin náà sunkún ju àwa ọmọ lọ, tinútinú ló sì fi sun ún. Gbogbo ènìyàn ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé Bàbá jẹun títí dé òpin. Mo rí ìyàwó ilé kan láti Kamazou tó fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àrùn kan náà ló kọ lu ìyá ọkọ rẹ̀. Mo lọ bá ìyàwó ilé náà, mo sọ ohun tí mo fojú rí fún un. Ó kí mi kú àmúmọ́ra, ó ní ìbànújẹ́ ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu mi. Mo dúró lójú ọ̀nà, mo ń wo aṣọ funfun náà títí ó fi tẹ̀ lé ìyàwó ilé náà wọ ọkọ̀.

Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, ó kan ìyá mi. Ọmọbìnrin kan láti Sabon Tasha wá fún iṣẹ́ ìtọ́jú wọn, ó sì mú ìwé ẹ̀rí rẹ̀ dání. Mi ò wò ó. Mo dùbúlẹ̀ sórí ibùsùn ìyá mi, mo ní, "Fún mi lẹ́kọ mu." Ó kọ́kọ́ rò pé àwàdà ni. Nígbà tó rí ojú mi, ó gbé mi jókòó, ó ki ìrọ̀rí sí mi lẹ́yìn, ó bu díẹ̀ sí mi lẹ́nu, ó fi ṣíbí sílẹ̀ sínú àwo, ó sì ń wo ọ̀fun mi.

Ó ní, "Ṣé ẹ ti gbé e mì, mà?"

Mo mi orí pé rárá. Ẹ̀kọ ṣì wà lẹ́nu mi. Ní gbogbo ìgbà tí Bàbá mi fi dùbúlẹ̀, àwo ni à ń bi léèrè; kò sí ẹni tó bi wọ́n ní ìbéèrè kékeré yìí, bẹ́ẹ̀ ìdáhùn rẹ̀ ni wọ́n ń fún eyín pọ̀ láti sọ fún wa. Ọmọbìnrin náà kò bu ṣíbí kejì. Ó dúró dè mí.