Gbádégẹṣin Bíríkìlà àti Ṣọ́ọ̀ṣì Tí Ilẹ̀ Mì

Fún ọdún méjìlá, a kò mọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa pé bíríkìlà ni Gbádégẹṣin. Ọ̀yọ́ ló ti kọ́ṣẹ́ náà lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, ogún ọdún ló sì fi mọlé níbẹ̀. Nígbà tí Mosúnmọ́lá ìyàwó rẹ̀ ríṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Maryland, ó tẹ̀ lé e wá, ó sì ń to ẹrù ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Landover. Kò ráhùn rí. Mosúnmọ́lá ló ń ro ó pé nítorí òun ni ọkọ òun ṣe fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2011, ilẹ̀ mì. Ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà wa lẹ́bàá Upper Marlboro ti lé ní àádọ́jọ ọdún, bíríkì pupa ni wọ́n fi kọ́ ọ. Nígbà tí a dé ibẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n ti ta okùn dí ẹnu ọ̀nà. Ògiri ẹ̀yìn pẹpẹ ti là láti òkè dé àárín.

Felix, alága ìgbìmọ̀ ilé, fẹ́ kí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì dí i kíákíá. Gbádégẹṣin lọ wo ògiri náà, ó ń fi èékánná ha àárín àwọn bíríkì. Ibi tí ẹnìkan ti fi sìmẹ́ǹtì tún ṣe láyé ọjọ́un gan-an ló là. Ibi tí iyanrìn àti ẹfun sísun tí àwọn ará àtijọ́ pò láti fi lẹ bíríkì pọ̀ ṣì wà, kò yẹ̀. Ó sọ fún Felix. Felix rọra bi í pé báwo ló ṣe mọ̀.

"Iṣẹ́ mi nìyẹn kí n tó dé ibí," ó dáhùn. "Sìmẹ́ǹtì le ju bíríkì yìí lọ. Bí ilẹ̀ bá mì, kò ní jẹ́ kí ògiri mì díẹ̀ kó sì padà sáyè rẹ̀. Bíríkì ni yóò fọ́."

Anna, ẹnjiníà tí wọ́n pè, sọ ohun kan náà. Ó fi kún un pé kò sóhun tó so ògiri mọ́ òrùlé, nítorí náà, nígbà tí ilẹ̀ mì, kálukú ń lọ lọ́tọ̀. Ó ní kí wọ́n fi ọ̀pá irin so wọ́n pọ̀. Ó sì ní kí wọ́n gbé iṣẹ́ bíríkì fún Gbádégẹṣin.

Oṣù mẹ́jọ ló fi ṣe é, ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Ẹfun jẹ ẹ́ lọ́wọ́. Mosúnmọ́lá máa ń ti ọsibítù wá pẹ̀lú oúnjẹ. Lọ́jọ́ kan, ó dúró lábẹ́ àkàbà, ó ń sunkún. Ọkọ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó bi í pé kí ló dé.

"Bàbá Tolúwalọpẹ́, ẹ ń súfèé," ni ó wí. "Mo ti gbàgbé pé ẹ máa ń súfèé tí ẹ bá ń mọlé."

Gbádégẹṣin jókòó tì í lórí òkìtì iyanrìn, wọ́n jọ jẹun.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, ilẹ̀ mì ní New Jersey, ó sì dé ọ̀dọ̀ wa fẹ́ẹ́rẹ́. Gbádégẹṣin, tí irun rẹ̀ ti funfun, gun àkàbà, ó fọwọ́ tọ ògiri náà látòkè délẹ̀. Kò là. Felix kí i kú iṣẹ́.

"Mímì yìí kéré, kò tíì dán an wò," ni ó wí. "Àwọn tó kọ́kọ́ kọ́ ọ ló ṣe é dáadáa. Èmi kàn ṣọ́ra kí n má bà á jẹ́ ni."

Lẹ́yìn náà ó gbọn eruku aṣọ rẹ̀, ó lọ gbé ìyàwó rẹ̀ níbi iṣẹ́.