Ẹ̀rí Tí Ìyá Mi Jẹ́ Lórí Àyà Wọn

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni ìyá mi lò ní ọsibítù kan ní Ìbàdàn, kò pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn tí a gba òmìnira. Ẹsẹ̀ wọn wú, wọn kò lè fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn, àyà wọn sì ń lù ségesège: á sáré, á dúró díẹ̀, á tún sáré. Nígbà tí oògùn kápá rẹ̀, tí ó ń lù déédéé, dókítà ní kí n máa mú wọn lọ sílé.

Mo bi í bóyá àìsàn náà lè padà. Ó gbé fọ́tò àyà wọn sókè sí ojú fèrèsé, ó fi ọkàn tó ti fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ hàn mí. Ó ní nǹkan náà sábà máa ń padà sí irú ọkàn bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n òun ti rí àwọn tí kò padà sí mọ́.

Mo ní, “Èwo ni ti ìyá mi nínú méjèèjì, sà?”

“Tíṣà, bí mo bá ní mo mọ̀, irọ́ ni mo pa.”

Ó kọ́ mi bí mo ṣe máa fi ìka méjì lé ọrùn ọwọ́ wọn láràárọ̀, kí n fi aago ka bí iṣan ibẹ̀ ṣe ń sọ, kí n kọ ọ́ sínú ìwé, kí n sì máa tẹ ọrùn ẹsẹ̀ wọn wò bóyá yóò jìn, àmì pé ó ti ń wú padà.

N kò sọ ohun tí dókítà wí fún wọn. Mo rò pé ẹ̀rù lè pa wọ́n.

Aládùúrà ni wọ́n. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, wọ́n wọ aṣọ funfun, wọ́n dìde níwájú ìjọ, wọ́n jẹ́rìí pé àìsàn náà ti lọ, kò ní padà mọ́. Gbogbo ìjọ ṣe àmín. Èmi tí mo sìn wọ́n lọ, n kò la ẹnu.

Ó tó oṣù mẹ́rin tí ohun tí mo ń kọ sínú ìwé kò yàtọ̀. Nígbà tó yá, wọ́n ní kò bójú mu kí ọmọkùnrin máa ṣí ìró ìyá rẹ̀ wo ẹsẹ̀. Mo gbà. Mo rí i pé wọ́n ń sinmi lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó dé ìdí kànga, mo ní ọjọ́ orí ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, aládùúgbò wa obìnrin wá pè mí ní ilé ìwé ní Ìyànà Ọ̀fà. Mo bá ìyá mi nílẹ̀ ẹ̀yìnkùlé, wọ́n fara ti ògiri, wọ́n ń mí gúlegúle. Obìnrin náà ní ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí àìsàn náà ti ń bẹ̀rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sán, nígbà tí mo bá wà níbi iṣẹ́, ìyá mi ló ní kí òun má sọ.

Nínú ọkọ̀ tó ń gbé wa lọ sí ọsibítù ní ìgboro Ìbàdàn, mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọ́n fi pa á mọ́.

Wọ́n ní, “Mo ti jẹ́rìí níwájú ènìyàn. Ta ni kí n wá sọ fún pé ó padà?”

Ìgbà náà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ dókítà fún wọn.

“O mọ̀, o sì jẹ́ kí n dìde?”



Oògùn tún kápá rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, àwọn fúnra wọn ni wọ́n bi dókítà bóyá yóò padà, ìdáhùn kan náà ni wọ́n sì gbọ́. Ó padà lóòótọ́, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún kan, kò sì gbọ́ oògùn mọ́; òun ló mú wọn lọ. Ní gbogbo ọdún yẹn, bí àyà wọn bá ti yí ìlù padà, wọ́n á ránṣẹ́ pè mí. Wọ́n ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ìjókòó ẹ̀yìn ni wọ́n ń jókòó sí. N kò bi wọ́n bóyá wọ́n ti dárí jì mí.