Ẹni Tí Mo Rí Nínú Ọkọ̀ Ojú Omi

Nígbà tí mo ṣì kéré, ẹ̀yin àbúrò mi, ohùn mi kì í jáde bí ojú bá ti pọ̀. Ìtìjú yẹn ló bá mi dé Ìlọrin láti Làìbéríà. Ọmọ Ìlọrin ni bàbá mi, ọmọ Làìbéríà ni ìyá mi. Ogun ti pa bàbá kí èmi àti ìyá mi tó rí ọkọ̀ ojú omi wọ̀.

Àwa tí ogun lé wá ní ẹgbẹ́ kan ní àdúgbò Tanke. Àáfà kan yọ̀ǹda ilé kéú rẹ̀ fún wa ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀. Ẹgbẹ́ yìí ló ń wá yàrá àti ìkòkò fún ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, òun ló sì ń kọ́ àwa ọmọdé ní orin ilé wa kí ó má baà parẹ́. Ṣùgbọ́n kí a tó kọrin, àlejò gbọ́dọ̀ dìde, kí ó ka gbogbo ẹni tó rí láàyè lójú ọ̀nà. Ìyẹn ni rédíò wa.

Ìyá àgbà kan wà níbẹ̀ tó máa ń se ẹ̀gẹ́ wá fún wa. Yóò bọ àlejò lọ́wọ́, ìka wọn á dún pá, bí a ti ń kí ènìyàn ní Làìbéríà, yóò wá bèèrè: "Ǹjẹ́ ẹ rí ọmọ mi obìnrin lọ́nà? Iná jó o lápá òsì."

Ọjọ́ tí ó kàn mí, mo dìde. Mo rí i! Nínú ọkọ̀, nígbà tí èébì ò jẹ́ kí ìyá mi gbórí sókè, obìnrin kan tí apá rẹ̀ jó fi ìdérí agolo fún mi lómi mu. Gánà ló sọ̀kalẹ̀ sí.

"Sọ̀rọ̀, ọmọ mi," ni ìyá àgbà wí.

"Ahọ́n rẹ̀ ti bọ́ sókun!" ni ọmọ kan pariwo láti ẹ̀yìn. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín.

"Mi ò rí ẹnì kankan," ni mo wí, mo sì jókòó.

Mo ní màá sọ ọ́ ní Jímọ̀ tó ń bọ̀. Ìyẹn kọjá, òmíràn kọjá. Bí ó ti ń pẹ́ ló ń wúwo sí i: kí ni màá ní ó dí mi lẹ́nu? Bí ìyá àgbà bá gbé ẹ̀gẹ́ wá, màá fi tèmi fún ẹlòmíràn. Ìyá mi gan-an, mi ò lè sọ fún un.

Òjò ti rọ̀ títí ó ti dá, kí ìyá àgbà tó wọ aṣọ dúdú wá. Ó ní ó ti sú òun, kí àwa ọmọdé bá òun kọ orin òkú fún ọmọ òun. Wọ́n dá orin. Ni mo bá figbe ta: "Ẹ má kọ ọ́! Mo rí i! Ó wà ní Gánà!"

Kò nà mí. Ó di ọwọ́ mi mú. "Láti ìgbà wo?"

Ọjọ́ kejì ló di ẹrù, ó gba ọ̀nà Gánà lọ. Nínú gbogbo àlejò tó dé lẹ́yìn náà, kò sí èyí tó ka orúkọ rẹ̀, tàbí ti ọmọ rẹ̀.

Ayé ti yí báyìí. Ẹgbẹ́ ti tú. Yorùbá nìkan ni àwọn ọmọ wa gbọ́. Bóyá èmi nìkan ló ṣì mọ orin òkú yẹn. Wọ́n ní tẹlifóònù ni wọ́n fi ń wá ènìyàn, ṣùgbọ́n ta ni màá pè? Bí mo bá gbọ́ pé ẹnì kan ti Gánà dé sí Tanke, màá lọ bá a. Ojú á tì mí, ṣùgbọ́n màá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, màá bèèrè: "Ǹjẹ́ ẹ rí ìyá àgbà kan lọ́nà?"