Ọjọ́ Tí Mo Bẹ̀rẹ̀ Láti Orí Kọ̀ǹpútà Àgbà

Ọ̀sẹ̀ kẹta tí mo dé ẹnu iṣẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ dá èmi nìkan rán jáde. Ọ̀gá mi ní ṣọ́ọ̀bù tí a ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Akpakpa ní Kútọnù ni Fòfó Kọ́sìmì. Fòfó ni à ń pe ẹ̀gbọ́n ọkùnrin níbí. Ó ní kí n lọ sí ọ́fíìsì kan ní Ganhi. Àwọn mẹ́ta ibẹ̀ ń gba ẹ̀kọ́ ìtọ́jú ọmọ sílẹ̀ ní èdè Nàgó, Yorùbá ti ọ̀dọ̀ wa, fún rédíò kan lápá ọ̀dọ̀ wa ní Pobè. Ó pẹ́ tí wọ́n ti ń bẹ rédíò náà kó tó fún wọn láyè. Bí ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ kò bá dé kí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà tó lù, ẹlòmíì ni wọn yóò gbé ààyè náà fún. Ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ sì tóbi jù, kò ṣe é fi ránṣẹ́.

Irinṣẹ́ tí yóò sọ ọ́ di kékeré ni mo fẹ́ lọ fi sí kọ̀ǹpútà wọn. Irinṣẹ́ yìí kò ní àwòrán, kò ní bọ́tìnnì tèèyàn ń tẹ̀. Fèrèsé dúdú kan lèèyàn ń ṣí, á kọ àṣẹ sínú rẹ̀, ẹ̀rọ á sì jẹ́ iṣẹ́ tó rán an. Ṣùgbọ́n bí a ṣe ń fi í sórí Wíńdóòsì kọ́ là ń fi í sórí Máàkì, ti Línúùsì náà sì tún yàtọ̀. Oríṣi kọ̀ǹpútà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ló pé sí ọ́fíìsì náà. Baba Fídẹ̀lì, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì tó jẹ́ olórí wọn, ń lo Máàkì tí ọmọ rẹ̀ fi ránṣẹ́ sí i. Sẹ̀sílì akọ̀wé ń lo Wíńdóòsì. Mùtíù ará Abẹ́òkúta, tó ń gba ohùn sílẹ̀, tí ọjọ́ orí rẹ̀ kéré jù, ń lo Línúùsì lórí kọ̀ǹpútà kan tó ti fọ́ létí.

Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ni mí. Mo kúnlẹ̀ kí Baba, mo ní orí tiwọn ni màá ti bẹ̀rẹ̀.

Máàkì Baba ní àfi kí n kọ́kọ́ wá irinṣẹ́ mìíràn tí yóò bá a gbé tèmi wọlé. Ó sì béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà, ìyẹn páàsíwọ́ọ̀dù. Baba tẹ̀ ẹ́, wọn ò rí nǹkan kan lójú ẹ̀rọ.

“Ọmọ mi, bọ́tìnnì ti kú.”

“Kò kú, Baba. Ẹ̀rọ ló ń fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́, kí ẹlòmíì má baà rí i.”

“Èmi tí mo ni ín ńkọ́?”

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ kó tó gbà. Ohun tó fẹ́ wá bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó ń rìn bí ìgbín. Mo bọ́ sọ́dọ̀ Sẹ̀sílì. Mo ti gbé ti Wíńdóòsì sórí fìláàṣì wá, ṣùgbọ́n bí mo bá ti kọ orúkọ irinṣẹ́ náà, fèrèsé dúdú á ní òun kò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo yọ ọ́, mo tún un fi sí i, ẹ̀ẹ̀mẹta. Òógùn bò mí. Nígbà tí agogo mẹ́ta kù díẹ̀, mo pa ìgbéraga tì, mo pe Fòfó lórí fóònù.

“Orí kọ̀ǹpútà ta ni ohùn náà wà?”

“Ti Mùtíù.”

“O ti ṣe tirẹ̀?”

“Rárá o, Fòfó. Òun ló kéré jù nínú wọn.”

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́. “Àdẹ̀lì! Ibi tí iṣẹ́ wà ni kó o lọ!”

Ìlà àṣẹ kan ṣoṣo ni ti Línúùsì. Mùtíù kọ ọ́, a dúró, kò sí ohun tó wọlé. Máàkì Baba ti gba gbogbo íńtánẹ́ẹ̀tì ilé náà, ó sì ku bíi wákàtí kan kó tó parí. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Kí n dá ti àgbà dúró nítorí àbúrò? Mo tún kúnlẹ̀.

“Baba, ẹ forí jì mí. Mo fẹ́ dá ti yín dúró kí ti Mùtíù lè rí ọ̀nà.”

Baba wò mí láti òkè awò ojú wọn. “Gbogbo ọdún tí mo fi ṣe tíṣà, mi ò fi ọjọ́ orí pín ìwé ìdánwò rí. Dìde.” Àwọn fúnra wọn ló tẹ bọ́tìnnì méjì tó ń dá a dúró.

Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí ti Mùtíù fi parí.

“Àǹtí, ó tán náà nìyẹn?” ni Mùtíù bi mí.

“Ó tán.” Ojú tì mí débi pé mi ò lè wò ó.

Ohùn náà súnkì, a fi ránṣẹ́. Nígbà tí agogo mẹ́rin ku ìṣẹ́jú díẹ̀, rédíò dáhùn pé ó ti dé. Mùtíù ní “Alihamudulilahi,” Baba ṣe àmì àgbélébùú, Sẹ̀sílì fò sókè. Inú mi dùn bí ẹni pé èmi ni wọ́n máa gbọ́ ní Pobè. Ìgbà tí Sẹ̀sílì pa fèrèsé dúdú tirẹ̀ dé tó tún un ṣí ni Wíńdóòsì wá mọ irinṣẹ́ náà: fèrèsé tó ti wà ní ṣíṣí kí àlejò tó wọlé kì í mọ àlejò. Mo ti kà á nínú ìwé, mo sì gbàgbé.

Lónìí, èmi náà ti ń kọ́ àwọn ẹlòmíì, ìbéèrè Fòfó yẹn, ibi tí iṣẹ́ wà, ni mo sì máa ń kọ́kọ́ bi wọ́n.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì iṣẹ́ rédíò yẹn, mo padà lọ láti parí ti Baba. Wọ́n ju ọwọ́ pé kí n fi í sílẹ̀.

“Kí ni mo fẹ́ fi ṣe? Lẹ́tà ọmọ mi nìkan ni mò ń kà lórí rẹ̀.”

“Háà, Baba! Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi lánàá?”

“O kúnlẹ̀, o ní orí tèmi lo ti máa bẹ̀rẹ̀,” ni Baba wí. “Ó ti pẹ́ tẹ́nì kan ti kúnlẹ̀ kí mi ní Kútọnù yìí. Ó dùn mọ́ mi ni.”