Kámúṣáàfù Inú Bóòtì

Ní Coconut ní Apapa, níbi tí àwọn tírélà máa ń tò sí lójú ọ̀nà wọ́ọ̀fù, etí la fi ń mọ ẹ́ńjìnnì tó dáa. Bí mẹ́káníìkì bá to ẹ́ńjìnnì tán, kò gbọdọ̀ dá nìkan ṣíná sí i. Ó gbọ́dọ̀ pe gbogbo ará yáàdì kí wọ́n wá yí i ká. Bí ilẹ̀ bá mì, wọ́n á pàtẹ́wọ́. Bí kò bá mì, wọ́n á pòṣé, oníkálukú á padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Àṣà wa nìyẹn ní ìparí àwọn ọdún 1980, àṣà yẹn ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ mi.

Èmi nìkan ni obìnrin tó ń tú ẹ́ńjìnnì ní gbogbo yáàdì. Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n bí mi sí, bàbá mi ń ru ẹrù ní wọ́ọ̀fù, kò sì sí ẹni tó rò pé màá pẹ́ nídìí sípánà. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ti dàgbà, ẹ̀yìn ń dùn wọ́n, wọ́n sì ti sọ ọ́ ní gbangba pé èmi làwọn máa fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún táwọn bá padà sílé. Àwọn oníbàárà gbọ́, wọ́n dákẹ́. Mo mọ ìtumọ̀ ìdákẹ́ yẹn. Wọ́n ń dúró kí ọ̀gá kẹ́rù wọn, kí àwọn náà gbé tírélà wọn lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin. Ṣọ́ọ̀bù tí kò ní oníbàárà, ilẹ̀ lásán ni.

Ẹni tí tírélà rẹ̀ pọ̀ jù lọ́dọ̀ wa ni éjẹ́ńtì kan tó ń bá àwọn èèyàn gba ẹrù jáde ní wọ́ọ̀fù. Ọkùnrin yìí fẹ́ràn eré mọ́tò ju oúnjẹ lọ. Ó ní mọ́tò Amẹ́ríkà onímú gígùn kan, ọ̀gá mi sì ti bá a gbé búlówà lé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lórí, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fi tipátipá fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ́ńjìnnì. Ara tírélà àtijọ́ la ti yọ ọ́. Éjẹ́ńtì wa ti fọ́nnu fún éjẹ́ńtì ẹgbẹ́ rẹ̀ kan pé òun máa nà án lọ́jọ́ Sunday kan ní títì gbọnrangandan tó wà lẹ́yìn wọ́ọ̀fù. Àmọ́ kámúṣáàfù mọ́tò náà ti jẹ. Irin gbọọrọ oníkókó tó ń ṣí fáàfù nìyẹn, àwọn ilẹ̀kùn kéékèèké tí atẹ́gùn ń gbà wọnú ẹ́ńjìnnì, tí èéfín sì ń gbà jáde. Éjẹ́ńtì fúnra rẹ̀ lọ ra òmíràn, èyí tí kókó rẹ̀ sanra, tó ga fíofío. A fi í sí i. Nígbà tí a ṣíná, ẹ́ńjìnnì ń gbọ̀n, ó ń dún gbùdù-gbùdù-gbùdù, sípánà ń fò lórí bẹ́ǹṣì.

Yáàdì dàrú. "See engine! Dis one na lion!" Éjẹ́ńtì ń rẹ́rìn-ín bí ọkọ ìyàwó.

Kìnnìún náà ò le sáré. Nígbà tí a gbé e lọ dán wò ní Liverpool Road, iná ń yọ lẹ́nu sàlẹ́ńsà, òórùn pẹtiróòlù gba àdúgbò kan, àmọ́ bí éjẹ́ńtì ṣe ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ tó, ńṣe ló ń wọ́ bí ẹni tó yó iyán lọ́sàn-án. Wọ́n ní kábúrétọ̀ ni, a yí kábúrétọ̀. Wọ́n ní pílọ́ọ̀gì ni, a yí pílọ́ọ̀gì. Inú ń bí mi. Ariwo tí gbogbo wọn ń jó sí gan-an ni àìsàn ẹ́ńjìnnì náà.

"Bàbá, kámúṣáàfù yìí ni o," mo sọ fún ọ̀gá mi. "Ó ń ṣílẹ̀kùn méjèèjì pọ̀ pẹ́ jù. Atẹ́gùn tí búlówà ń tì wọlé níwájú, ẹ̀yìn ló ń gbà jáde. Apẹ̀rẹ̀ la fi ń pọnmi."

"Èwo lo wá fẹ́ fi sí i?"

"Màá wá a rí, sà."

Éjẹ́ńtì gbọ́, ojú rẹ̀ le. "Bàbá, ṣé ọmọbìnrin yìí lẹ fẹ́ kó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́? No wahala. Ẹ jẹ́ kó yí i. Ṣùgbọ́n tí mo bá fìdí rẹmi lọ́jọ́ Sunday, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ti lọ sílé yín, tírélà mi kankan ò ní wọ ibí mọ́." Àwọn onítírélà tó kù ń mi orí. Ibi tó bá yà sí ni gbogbo wọn máa yà sí.

Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Mo tú òkìtì irin káàkiri Apapa títí dé Ìjọra Badia, ọwọ́ mi dúdú dé ìgúnpá. Ọ̀dọ̀ òṣìṣẹ́ wọ́ọ̀fù kan tó ń ta ẹ́ńjìnnì àlòkù ni mo ti rí i, nínú ẹ́ńjìnnì bóòtì asáré. Irú ẹ́ńjìnnì mọ́tò wa náà ni, orí omi ni wọ́n kàn ti lò ó. Kókó kámúṣáàfù rẹ̀ ga níwọ̀nba, wọ́n jìnnà síra, èyí tó ń lé èéfín jáde sì sanra ju ìkejì lọ. Ẹni tó ṣe é ò fẹ́ kí omi gba sàlẹ́ńsà padà wọnú ẹ́ńjìnnì, torí náà kò jẹ́ kí ilẹ̀kùn méjèèjì ṣí pọ̀ pẹ́. Ohun tó ń lé omi fún wọn ló máa bá wa sé atẹ́gùn mọ́lé.

Ojú lásán ò tó láti fi yàn án. Mo yọ ojú aago ògiri kan tó ti kú, mo dè é mọ́ ìdí kámúṣáàfù, mo fi wáyà ṣe atọ́ka sí i. Mo gbé irin náà sórí igi, mo fi ìka kan lé kókó tó ń ṣínà fún atẹ́gùn, mo fi ìkan lé ti èéfín, mo wá ń fi ọwọ́ kejì yí i díẹ̀díẹ̀. Lára ti éjẹ́ńtì tí a ti yọ, ìka mi méjèèjì jọ wà lókè, atọ́ka ń lọ lójú aago, wọn ò sọ̀ kalẹ̀. Lára ti bóòtì, bí ọ̀kan ṣe ń sọ̀ báyìí ni ìkejì ń gbéra. Mo pe ọ̀gá mi. Àwọn náà fi ìka lé e, wọ́n dijú, wọ́n yí i. Wọ́n kàn lọ gbé sípánà wá fún mi.

A to ó tán, mo pe yáàdì bí àṣà, mo ṣíná. Ẹ́ńjìnnì náà rọra ń dún, ilẹ̀ ò mì rárá.

"Àǹtí, ṣé mọ́tò nìyí àbí ẹ̀rọ ìránṣọ?"

"Na grandmama engine be dis!"

Wọ́n pòṣé, wọ́n túká. Éjẹ́ńtì ò wojú mi. Mo ju àkísà olóyìlì lu ẹni tó pè é ní ẹ̀rọ ìránṣọ, ó bà á lẹ́nu, mi ò sì bẹ̀ ẹ́.

Lọ́jọ́ Sunday náà, títì dá, èrò tò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Mọ́tò éjẹ́ńtì kejì ń bú ramúramù, gbogbo èèyàn ń pariwo fún un, títí kan àwọn ará yáàdì wa. Ẹnì kan ju áńkáṣíìfù sílẹ̀.

Mọ́tò wa fò! Táyà rẹ̀ han, lẹ́yìn náà búlówà bẹ̀rẹ̀ sí í ké, igbe tín-ín-rín kan tí kò sẹ́ni tó gbọ́ irú ẹ̀ rí ní Apapa. Wọn ò tíì dé ìdajì ọ̀nà tí ìkejì fi di ohun tó ń jẹ eruku lẹ́yìn. Mo fò mọ́ ọ̀gá mi, mo gbàgbé ẹ̀yìn tó ń dùn wọ́n. "Ẹ̀yìn mi o!" ni wọ́n ń pariwo, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín. Éjẹ́ńtì padà dé, ó sọ̀ kalẹ̀, ó na kọ́kọ́rọ́ sí mi pé kí n wà á lọ sílé, òun alára wá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Àwọn tó pòṣé ló ń sáré tẹ̀lé wa dé Coconut, wọ́n ń fọwọ́ lu mọ́tò náà. Mo ń wo iwájú bí ọba. Mi ò rò pé inú mi tún máa dùn tó bẹ́ẹ̀ láyé mi.

Lọ́jọ́ Monday, tírélà ti tò síwájú ṣọ́ọ̀bù kí n tó dé. Mo wà lábẹ́ ọ̀kan tí mò ń de nọ́ọ̀tì nígbà tí mo gbọ́ ohùn awakọ̀ kan tí mi ò mọ̀ rí. Ó kí ọ̀gá mi tí wọ́n jókòó lórí bẹ́ǹṣì.

"Bàbá, ẹ kú àárọ̀ o. Ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù yìí ńkọ́?"

"Wọ́n wà lábẹ́ mọ́tò," ni ọ̀gá mi dáhùn. "Jókòó, kí o dúró dè wọ́n."

Nọ́ọ̀tì ọwọ́ mi ti le tipẹ́. Mo ṣáà ń dè é lọ, torí mi ò fẹ́ kí oníbàárà bá omijé lójú mi.